Ṣé àkọ́tẹ̀ ni àwọn ìwé ìtàn tó wà nínú páálí bàbá mi?

Ìbéèrè: Olùkọ́ ni mí ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Òṣogbo. Bàbá mi, tí àwọn náà ti jẹ́ ọ̀gá iléèwé rí, ti papòdà, a sì bá páálí ìwé méjì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn ní Òkè-Fìà. Ìwé ìtàn ọmọdé ló pọ̀ jù níbẹ̀. Mo rí Chike and the River, wọ́n kọ "First published 1966" sínú rẹ̀. Mo rí The Drummer Boy. Mo rí Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, àmọ́ èèpo rẹ̀ àti àwọn ewé iwájú ti já dànù. Èmi fúnra mi ní Harry Potter kìíní, èyí tí mo rà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ìwé tòkunbọ̀. Ọdún 1997 ló wà nínú rẹ̀. Àbúrò mi ní òun gbọ́ pé ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ni wọ́n ń ta irú rẹ̀. Báwo ni mo ṣe lè mọ èyí tó jẹ́ ìtẹ̀jáde àkọ́kọ́ nínú wọn? Ṣé kí n kó wọn lọ fún àwọn adìwé, kí wọ́n bá mi fi èèpo líle dì wọ́n kí wọ́n má bàa bàjẹ́ sí i?

Ìdáhùn: Ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá. Ìbéèrè tí ẹ fi kádìí ọ̀rọ̀ la ó kọ́kọ́ dáhùn, torí òun ló lè ba gbogbo ìyókù jẹ́: ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kó ìwé kankan lọ sọ́dọ̀ adìwé. Iṣẹ́ adìwé dára fún ìwé tí ọmọ iléèwé ń gbé kiri lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe ni pé wọ́n á ya èèpo àtijọ́ dànù, wọ́n á fi ọ̀bẹ ńlá gé etí ìwé lókè, nísàlẹ̀ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè dọ́gba, wọ́n á wá fi gọ́ọ̀mù lẹ ewé tuntun mọ́ iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀. Lára ohun tí wọ́n ń jù nù yẹn gan-an ni ẹ̀rí wà. Ẹ̀yìn èèpo ni iye owó àtijọ́ máa ń wà. Ewé iwájú ni orúkọ bàbá yín àti ọjọ́ tí wọ́n ra ìwé máa ń wà. Gígùn àti fífẹ̀ ìwé náà, tí à bá fi wé ẹ̀dà mìíràn, ti bá ọ̀bẹ lọ. Ìwé tí èèpo rẹ̀ ya sí méjì, tí méjèèjì ṣì wà níbẹ̀, níye lórí fún ẹni tó ń kó ìwé jọ ju èyí tí wọ́n fi èèpo tuntun dì lọ.

Ó kù ká là á yé ara wa lórí ohun tí a ń wá. Nígbà tí àwọn tó ń kó ìwé jọ bá sọ pé ìtẹ̀jáde àkọ́kọ́, ẹ̀dà tó jáde nígbà àkọ́kọ́ pàá tí wọ́n gbé ìwé náà sórí ẹ̀rọ ni wọ́n ní lọ́kàn. Àkọ́tẹ̀ la ó máa pè é níhìn-ín. Ilé iṣẹ́ lè tẹ ìwé kan lónìí, kó tún un tẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà láìyí ọ̀rọ̀ kan padà. Àtúntẹ̀ ni ti ẹ̀ẹ̀kejì, bí àwọn méjèèjì tilẹ̀ jọra bí ìbejì. Ìwé ìtàn ọmọdé ilẹ̀ wa ni èyí ṣẹlẹ̀ sí jù. Tí ìwé bá ti bọ́ sínú àkọsílẹ̀ ìwé kíkà àwọn iléèwé, wọ́n á máa tún un tẹ̀ ṣáá, àwọn ọmọ á sì máa kà á títí yóò fi fà ya. Ìdí nìyí tí àkọ́tẹ̀ Chike fi ṣọ̀wọ́n ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ọwọ́ àwọn ọmọ ló jẹ púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀dà ìgbà yẹn run, kì í ṣe pé wọ́n tẹ ìwọ̀nba.

Ojú ewé tí ẹ máa kọ́kọ́ ṣí ni ẹ̀yìn ewé àkọlé, níbi tí orúkọ ilé iṣẹ́, àdírẹ́sì àti ọdún wà. Níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. "First published 1966" kì í ṣe ọjọ́ ìbí ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ yín, ọjọ́ ìbí ìwé náà ni. Gbolóhùn yẹn yóò wà nínú gbogbo àtúntẹ̀ tó tẹ̀lé e, nítorí náà ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ wò. Tí "Reprinted" bá wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọdún kan tàbí méjì, ẹ̀dà yín jẹ́ ti ọdún tó gbẹ̀yìn nínú wọn. Tí "New edition" tàbí "Revised" bá wà, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ tàbí àwòrán rẹ̀ lè ti yí. Tí kò bá sí nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀, inú yín lè dùn díẹ̀, àmọ́ ẹ má tíì pariwo, nítorí àwọn ilé iṣẹ́ kan máa ń tún ìwé tẹ̀ láìkọ ọ́ síbẹ̀. Ìgbà yẹn ni iṣẹ́ gidi ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀: ẹ óò wò ó bóyá gbogbo nǹkan yòókù lára ìwé náà gbà pé ọdún 1966 ni òun.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí owó. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973 ni náírà àti kọ́bọ̀ rọ́pò pọ́n-ùn àti ṣílè ní Nàìjíríà. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ọjọ́ 15 oṣù kejì ọdún 1971 ni wọ́n pa ṣílè tì tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọgọ́rùn-ún pẹ́nì sí pọ́n-ùn kan. Ìwé ọdún 1966 gbọ́dọ̀ gbé owó ìgbà ayé rẹ̀: nọ́ḿbà, lẹ́yìn náà "s" fún ṣílè àti "d" fún pẹ́nì, tàbí kí wọ́n fi ìlà dídàgẹ̀rẹ̀ pín wọn bíi 3/6, èyí tí àwọn bàbá wa ń pè ní ṣílè mẹ́ta àti sísì. Tí ẹ bá rí náírà tí wọ́n tẹ̀ mọ́ èèpo fúnra rẹ̀, àtúntẹ̀ ni, ayé náírà ló sì ti jáde. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra níhìn-ín: bébà kékeré tí ilé ìtàwé lẹ̀ mọ́ ọn, tàbí owó tí wọ́n fi bírò kọ, kì í ṣe ẹ̀rí ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ìwé lè wà lórí pẹpẹ ilé ìtàwé láti ayé ṣílè wọ ayé náírà. Ẹ má ṣì í ya o, torí owó àtijọ́ lè wà lábẹ́ rẹ̀. Tí ẹ bá fi tọ́ọ̀ṣì tan iná láti ẹ̀yìn èèpo nínú yàrá tó ṣókùnkùn, ẹ lè rí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ láìfọwọ́ kàn án.

Lẹ́yìn owó ni nọ́ḿbà ìdánimọ̀ ìwé, ISBN. Ọdún 1970 ni wọ́n gbé òfin ISBN onínọ́ḿbà mẹ́wàá kalẹ̀ káàkiri àgbáyé; ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń lo SBN onínọ́ḿbà mẹ́sàn-án ní bí ọdún mẹ́ta ṣáájú. Ìwé 1960 tàbí 1966 tó ní ISBN kì í ṣe àkọ́tẹ̀, kò sí àwíjàre níbẹ̀. Èyí tó ní ìlà dúdú tín-ín-rín tí ẹ̀rọ fi ń ka iye owó lẹ́yìn rẹ̀ tún wá kéré lọ́jọ́ orí sí i, nítorí láàárín àwọn ọdún 1980 ni ìyẹn tàn kálẹ̀ lára ìwé. Nǹkan kan tún wà tó máa ń tan àwọn ènìyàn wa jẹ. ISBN tuntun onínọ́ḿbà mẹ́tàlá, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2007, ló ń fi 978 ṣíwájú. Bẹ́ẹ̀, 978 náà ni nọ́ḿbà tí wọ́n ti fún Nàìjíríà nínú ISBN àtijọ́. Nítorí náà, ìwé tí wọ́n gbé jáde ní Ìbàdàn tàbí Èkó ní ọdún 1978 lè ní ISBN tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 978 láìjẹ́ ìwé tuntun rárá. Ẹ kà wọ́n: tí gbogbo nọ́ḿbà náà bá jẹ́ mẹ́wàá, ti àtijọ́ ni, tí ó bá jẹ́ mẹ́tàlá, tí 978 wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀lé ara wọn, ó sábà máa ń jẹ́ láti 2007 síwájú.

Àdírẹ́sì ilé iṣẹ́ náà kì í parọ́. Cambridge University Press ló gbé Chike jáde ní 1966 àti The Drummer Boy ní 1960. Ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn, àdírẹ́sì wọn ní Lọ́ńdọ̀nù ni Bentley House, 200 Euston Road, London, N.W.1. Ẹ kíyè sí "N.W.1" yẹn, pẹ̀lú àmì ìdánudúró nínú rẹ̀ tí kò sì sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí kóòdù ìfìwéránṣẹ́ tuntun dé, lẹ́tà àti nọ́ḿbà mìíràn tẹ̀lé e, nígbà tó sì yá, The Pitt Building ní Trumpington Street ní Cambridge ni wọ́n ń kọ. Tí ẹ̀dà yín bá ní CB2 lẹ́yìn Cambridge, ó ti jìnnà sí 1966. Tí ilé iṣẹ́ Anchor ti Amẹ́ríkà ló wà lára Chike kan, ọdún 2011 ni ìyẹn jáde, wọ́n sì yàwòrán mìíràn sí i.

Fún ìwé tí wọ́n gbé jáde nílé, ẹ wo orúkọ ìpínlẹ̀. "Western Region" tàbí "Western Nigeria" wá sópin ní 1967. Láti ìgbà náà títí di 1976, "Western State" ni. Ẹ̀yìn ìyẹn ni "Oyo State". Òṣogbo fúnra rẹ̀ kò bọ́ sábẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun títí di ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991. Òǹtẹ̀ iléèwé tó kọ "Oshogbo, Western State" sínú ìwé ti sọ fún yín pé wọ́n ti tẹ ìwé yẹn kí ọdún 1976 tó kọjá dáadáa. Irú ẹ̀rí yìí, tó ń fi ààlà sí ẹ̀yìn, ni mo fẹ́ràn jù nínú àwọn páálí ìdílé. Tí bàbá yín bá fi bírò kọ orúkọ wọn àti "January 1967" sí ewé iwájú Chike, kò sí àtúntẹ̀ ẹ̀yìn ìgbà yẹn tí ẹ̀dà náà lè jẹ́. Nítorí náà, ẹ má fi rọ́bà pa orúkọ rẹ́, ẹ má fi yíǹkì pupa bo òǹtẹ̀, ẹ má sì ya bébà ẹ̀bùn iléèwé tí wọ́n lẹ̀ sínú rẹ̀. Ẹni tó ń rà lè fẹ́ ìwé tó mọ́, òótọ́ ni, àmọ́ ibi tí wọ́n pa nǹkan rẹ́ máa ń burú lójú ju ohun tí wọ́n pa lọ.

Tí òǹtẹ̀ náà bá jẹ́ ti ilé ìkàwé ìjọba tàbí ti iléèwé tó ṣì wà, tí kò sì sí àmì pé wọ́n ti yọ ìwé náà kúrò nínú tiwọn, ẹ yà á sọ́tọ̀. Àwọn ilé gbàǹjo tó mọ iṣẹ́ kì í gbà á, ohun tó sì tọ́ ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni òǹtẹ̀ kí ẹ tó ṣe ohunkóhun.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí Harry Potter yín, nítorí òun ni àbúrò yín ń fojú sùn. Ní tòótọ́, Bloomsbury gbé Harry Potter and the Philosopher's Stone jáde ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 1997, ẹ̀dà elééèpo líle tí wọ́n sì kọ́kọ́ tẹ̀ kò ju 500 lọ. Nǹkan bí 300 nínú wọn ló lọ sí ilé ìkàwé. Ìyẹn ni owó rẹ̀ fi ga tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún 1997 wà nínú ọ̀kẹ́ àìmọye àtúntẹ̀ rẹ̀. Ohun tí ẹ máa wá ni ìlà nọ́ḿbà tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀yìn ewé àkọlé. Àkọ́tẹ̀ ní "10 9 8 7 6 5 4 3 2 1". Tí ó bá jẹ́ pé 14 ló kéré jù nínú ti yín, ìgbà kẹrìnlá tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ni, kò sì sí ohun tó lè yí i padà.

Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é bẹ́ẹ̀ rọrùn láti lóye. Lórí àwo tí wọ́n fi ń tẹ̀wé, ó rọrùn láti ha nǹkan kúrò, ó ṣòro láti fi nǹkan kún un. Nítorí náà wọ́n kọ gbogbo nọ́ḿbà sílẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ tẹ ìgbà kejì, wọ́n á ha 1 dànù. Ìgbà kẹta, wọ́n á ha 2. Èyí tó kéré jù tó ṣẹ́kù ló ń sọ̀rọ̀. Bí wọ́n ṣe tò ó kò já mọ́ nǹkan kan: àwọn kan ń lọ sókè, àwọn kan ń bọ̀ wálẹ̀, àwọn kan ń fi ọ̀kan sí apá òsì àti ọ̀kan sí apá ọ̀tún, bíi "1 3 5 7 9 10 8 6 4 2", kí ìlà náà lè wà láàárín nígbà tí wọ́n bá ń ha á. Ẹni tó bá wo apá òsì nìkan yóò ṣìṣe. Random House ti Amẹ́ríkà tún ṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún: àkọ́tẹ̀ tiwọn ń ní ọ̀rọ̀ "First Edition", àmọ́ orí 2 ni nọ́ḿbà ti bẹ̀rẹ̀, ìgbà kejì ni wọ́n ń yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò. Nítorí náà, 2 lára ìwé wọn àtijọ́ kì í ṣe ìdí láti jù ú sẹ́yìn.

Nípa Philosopher's Stone yìí, àwọn àmì mìíràn wà tó gbọ́dọ̀ bá 1 yẹn rìn. Ẹ̀tọ́ ìwé náà wà lórúkọ "Joanne Rowling" ní ẹ̀yìn ewé àkọlé. Ní ojú ewé 53, nínú ohun tí ọmọ iléèwé gbọ́dọ̀ rà, "1 wand" fara hàn lẹ́ẹ̀mejì. Ní ẹ̀yìn èèpo, wọ́n ṣi "Philosopher's" kọ, lẹ́tà "o" kan fò. Elééèpo líle náà kò ní jákẹ́ẹ̀tì, ìyẹn bébà tí wọ́n máa ń fi wé èèpo líle. Àwòrán wà lára pátákó èèpo fúnra rẹ̀. Elééèpo rírọ̀ náà ní àkọ́tẹ̀ tirẹ̀ tó jáde lọ́jọ́ kan náà, òun náà sì níye lórí bí 1 bá wà nínú ìlà rẹ̀. Ṣùgbọ́n àṣìṣe kan ṣoṣo láìsí 1 kò jẹ́ nǹkan kan. Tí àkọlé ìwé yín bá wá jẹ́ Sorcerer's Stone, ti Scholastic ní Amẹ́ríkà nìyẹn, ọdún 1998 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ tiwọn.

Níwọ̀n bí ìwé tòkunbọ̀ ti ń wọ Òṣogbo nínú àpò ńlá ńlá láti Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì, ó yẹ kí ẹ mọ ìwé ẹgbẹ́ olùkàwé, èyí tí wọ́n ń tẹ̀ lọ́pọ̀ fún àwọn tó ń rà á nípasẹ̀ ìfìwéránṣẹ́. Elééèpo líle ni, ó ní jákẹ́ẹ̀tì tó rẹwà, ó sì lè ní "First Edition" nínú nítorí wọ́n lo àwo àkọ́kọ́. Ẹ ṣí etí jákẹ́ẹ̀tì tó ká sínú: tí kò bá sí iye owó lókè, tí ẹ ò sì rí ibi tí wọ́n ti gé e, ẹ fura. Ẹ bọ́ jákẹ́ẹ̀tì, ẹ fọwọ́ pa pátákó ẹ̀yìn nísàlẹ̀ nítòsí ọ̀pá ìwé. Tí ihò kékeré tí kò jinlẹ̀ bá wà níbẹ̀, bóyá roboto tàbí onígun mẹ́rin, àmì ẹgbẹ́ olùkàwé ni. Bébà rẹ̀ sábà máa ń fúyẹ́ jù.

Àwọn ìwé Amẹ́ríkà kan tó ṣáájú ìlà nọ́ḿbà ní àmì tiwọn, ti ìwé kọ̀ọ̀kan sì lè yàtọ̀. Harper fi lẹ́tà méjì sí Charlotte's Web ní 1952: I-B, èyí tí I jẹ́ oṣù kẹsàn-án, B sì jẹ́ ọdún náà, wọ́n fo lẹ́tà J, nítorí náà K ni oṣù kẹwàá. Charlie and the Chocolate Factory tí Knopf gbé jáde ní 1964 ní àkọsílẹ̀ nípa lẹ́tà àti bébà rẹ̀ ní ewé tó kẹ́yìn. Àkọ́tẹ̀ ní ìlà mẹ́fà, èyí tó tẹ̀lé e ní márùn-ún. Irú ìmọ̀ yìí kò ṣeé méfò, ìwé kọ̀ọ̀kan ni a ń wádìí rẹ̀.

Ògbójú Ọdẹ ló wù mí ká pẹ́ lórí rẹ̀, nítorí òun ni iyebíye jù nínú páálí yẹn tó bá jẹ́ àtijọ́, òun náà sì ni ẹ̀rí rẹ̀ ti já dànù. Ọdún 1938 ni ilé iṣẹ́ CMS ní Èkó kọ́kọ́ gbé ìwé Fágúnwà yìí jáde. Lẹ́yìn náà ni Thomas Nelson gbà á, láti bí ọdún 1950, òun ló sì ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Igbó Olódùmarè àti Ìrèké Oníbùdó ti 1949 jẹ́ ti Nelson látìbẹ̀rẹ̀. Èyí túmọ̀ sí pé kò sí Ògbójú Ọdẹ ti Nelson kankan tó lè jẹ́ àkọ́tẹ̀, bó ti wù kó gbó tó. Kí ẹ tó sọ̀rètí nù, ẹ wo nǹkan mẹ́ta.

Ẹ kọ́kọ́ ṣí ewé tó kẹ́yìn. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ kí atẹ̀wé kọ orúkọ rẹ̀ síbì kan nínú ìwé, tí kò bá sì sí ní iwájú, ìsàlẹ̀ ewé ìkẹyìn ló máa ń wà, ní lẹ́tà wínníwínní. Tí ẹ bá rí Nelson tàbí Edinburgh níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí: kì í ṣe ti 1938. Tí ewé yẹn náà bá ti já, ẹ lọ sórí àkọtọ́. Ìwé tó jáde kí ìjọba tó fọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun ní 1974 máa ń kọ "enia", "aiye", "nwọn", "yio", "ẹiyẹ", "na". Tí ẹ bá rí "ènìyàn", "ayé", "wọ́n", "yóò", "ẹyẹ", "náà" káàkiri inú rẹ̀, wọ́n ti tún un tò, ìran tuntun ni. Àkọtọ́ àtijọ́ nìkan kò sọ ọ́ di 1938 o. Ó kàn ń sọ fún yín pé ó ṣeé ṣe kó dàgbà. Ìkẹta ni ọwọ́ yín fúnra yín. Nígbà náà, lẹ́tà òjé ni wọ́n ń rọ́ mọ́ bébà. Ẹ fi ìka ra ẹ̀yìn ewé kan díẹ̀díẹ̀, tàbí kí ẹ gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ti ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé: lẹ́tà náà á wú díẹ̀ sí ẹ̀yìn ewé. Ìtẹ̀wé òde òní tẹ́jú bí ojú dígí.

Èyí ló gbé wa dé orí ìwé ayédèrú, tó pọ̀ lọ́jà wa ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tó ń ṣe ayédèrú máa ń ya fọ́tò gbogbo ìwé, ẹ̀yìn ewé àkọlé pẹ̀lú, nítorí náà ó lè ní "First published" tí kò ní "Reprinted" lábẹ́ rẹ̀, ó lè ní 1 nínú ìlà nọ́ḿbà pàápàá. Ẹ ra awò tó ń mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po 10, irú èyí tí àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ń lò. Ẹ wo etí lẹ́tà: ti gidi gé geere, ti ayédèrú wú, ihò inú "e" àti "a" sì ti dí. Ẹ wo àwòrán dúdú funfun: ìlà tó tín-ín-rín gan-an á ti já tàbí kó di àmì tótòtó. Ẹ wò ó bóyá ọ̀rọ̀ dàgẹ̀rẹ̀ lójú ewé kan tó sì tọ́ lójú èkejì.

Tí gbogbo ẹ̀rí bá fohùn ṣọ̀kan, ẹ fi ẹ̀dà yín wé àkọsílẹ̀ ilé ìkàwé ńlá. Ilé ìkàwé Kenneth Dike ní Yunifásítì Ìbàdàn àti Hezekiah Oluwasanmi ní Ilé-Ifẹ̀, tí kò jìnnà sí yín, ni kí ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti British Library wà, àti WorldCat, tó kó àkọsílẹ̀ ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé jọ. Ẹ ka iye ojú ewé títí dé èyí tó ní nọ́ḿbà kẹ́yìn, kí ẹ sì fi rúlà wọn gíga ọ̀pá ẹ̀yìn ìwé. Àwọn ilé ìkàwé máa ń sún ìwọ̀n sókè sí sẹ̀ǹtímítà tó tẹ̀lé e, nítorí náà ìwé tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 18.2 á jẹ́ 19 nínú àkọsílẹ̀ wọn. Ẹ má rò pé ìwé mìíràn ni.

Nípa The Drummer Boy, kò gba ìgbà púpọ̀: tí ISBN tàbí náírà tí wọ́n tẹ̀ mọ́ èèpo bá wà lára rẹ̀, ẹ fún ọmọ kan ní kíláàsì yín kó máa kà á, iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ kọ ọ́ nìyẹn.

Ní ti ìtọ́jú, ẹ gbé àwọn páálí náà kúrò nílẹ̀ lónìí. Ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì a máa fa omi lásìkò òjò, ikán sì ń gba ibẹ̀ wọlé. Orí pẹpẹ tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà kan, tí kò kan ògiri, ló dára. Ẹ fi bébà funfun wé ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ má lo ìwé ìròyìn nítorí yíǹkì rẹ̀ ń ràn, ẹ má sì dí wọn pa nínú náílọ́ọ̀nù, ooru á di omi nínú rẹ̀, èébu á hù. Ẹ má sá wọn sóòrùn. Sẹ́lótéèpù kò gbọ́dọ̀ kan ibi tó ya: láàárín ọdún díẹ̀ gọ́ọ̀mù rẹ̀ á di pupa, á sì wọnú bébà lọ láéláé. Tí wáyà tí wọ́n fi dè é láàárín bá ti dógùn-ún, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá sì rí pẹlẹbẹ ìwé kékeré kan nínú páálí náà tó ní orúkọ Mbari Mbayo, ẹgbẹ́ tí Dúró Ládípọ̀ àti Ulli Beier dá sílẹ̀ ní Òṣogbo ní 1962, ẹ má pò ó mọ́ ìwé àjákù. Ìyẹn ní àwọn olùwá tirẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ bá olùrà sọ̀rọ̀, fọ́tò mẹ́jọ ni kí ẹ yà, níta lábẹ́ ìbòji: èèpo iwájú, èèpo ẹ̀yìn, ọ̀pá ẹ̀yìn, ewé àkọlé, ẹ̀yìn ewé àkọlé, ewé ìkẹyìn, ibi tí orúkọ tàbí òǹtẹ̀ wà, àti ibi tó bàjẹ́ jù. Ẹ má bo àbùkù kankan. Ẹ má fi owó tí ẹnì kan kọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì díwọ̀n, torí ẹnikẹ́ni lè béèrè iye tó wù ú; èyí tí wọ́n ti rà ní gbàǹjo, tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà, ni kí ẹ wá, kó sì jẹ́ ẹ̀dà tí ipò rẹ̀ jọ ti yín. Ìwé kò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ yín kí owó tó wọlé, ìyókù Ògbójú Ọdẹ náà kò sì gbọdọ̀ kúrò nílé títí ẹ óò fi wo ewé ìkẹyìn rẹ̀ dáadáa.